Èésú Àgékù Aṣọ

Kò sí télọ̀ tó lè ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ láìgbálẹ̀. Ohun tí ìgbálẹ̀ sì ń gbá jọ lábẹ́ máṣíìnì kì í ṣe erùpẹ̀ nìkan. Àgékù àńkárá tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wà níbẹ̀, etí aṣọ tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn wà níbẹ̀, igun tí wọ́n gé kúrò lọ́rùn bùbá àti lábẹ́ apá náà wà níbẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn ní Darkuman, àdúgbò tí kò jìnnà sí Kaneshie nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, bó sì ṣe rí ní Mushin àti Mọ́kọ́lá náà nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ á gbá a jọ, wọ́n á fi díẹ̀ nu epo ara máṣíìnì, ìyókù á di ti àpò ìdọ̀tí.

Ẹni tó bá mọ ọjà Kantamanto, níbi tí wọ́n ti ń ta òkìríkà láàárín ìlú Accra, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ tí kò rẹ́ni fẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílùú náà. Àjọ The Or Foundation, tó ń bá àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 ẹ̀wù ló ń wọ ọjà náà lọ́sẹ̀ kan. Obroni wawu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn “òyìnbó ti kú”, torí lójú àwọn tó kọ́kọ́ rí i, òkú nìkan ló lè fi irú ẹ̀wù tó dáa bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Iná jó ibi tó pọ̀ nínú ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January 2025, síbẹ̀ ẹrù kò yéé dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀, àpò àgékù kan láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kò jọni lójú. Àmọ́ òwú gidi ló wà nínú àpò yẹn, owó tuntun ni wọ́n sì fi rà á.

Aṣọ inú àpò náà tún lórúkọ. Àwọn ìyá tó ń ta aṣọ ní Gánà kì í fi nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún aṣọ pè é, wọ́n máa ń sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ. Akyekyedeɛ akyi wà, ìyẹn ẹ̀yìn ahun. Nsu bura wà, kànga omi. Ahwene pa nkasa ń sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ tó dáa kì í pariwo, obìnrin tó bá sì fẹ́ sọ fún orogún rẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù lè ró o lọ síbi àríyá láìsọ̀rọ̀. Efie mmosea ni òkúta wẹẹrẹ inú ilé, èyí tó ń gún ni lẹ́sẹ̀ ju òkúta ìta lọ. Yorùbá tó bá gbọ́ ìyẹn kò nílò ògbufọ̀. Òun náà mọ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń pọ̀ nílẹ̀ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Télọ̀ tó bá gba aṣọ ẹbí èèyàn 40 rán lóṣù yìí máa ní àgékù rẹpẹtẹ, àmọ́ aṣọ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójúlé kejì ní tirẹ̀, òun náà sì ní ẹyọ kan. Bí oníkálukú bá jókòó ti tirẹ̀, wọ́n á rẹ̀ kí wọ́n tó rí nǹkan gidi fi ṣe. Bí wọ́n bá pààrọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà.

Búlọ́ọ̀kù tí kì í ṣe ti ilé

Aṣọ ìbora tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgékù rán pọ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kúìlìtì. Ìpele mẹ́ta ló máa ń ní: iwájú tó jẹ́ àgékù aláràbarà, àárín tó nípọn, àti ẹ̀yìn tó jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo. Wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ káàkiri kí wọ́n má bàa yẹ̀ lára wọn. Nílẹ̀ olótùútù, òwú tàbí irun àgùntàn ló máa ń wà ní àárín. Ooru Accra kò béèrè fún ìyẹn. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì òkìríkà kan ti tó, ọyẹ́ kò sì lè ré e kọjá. Àwọn kan á dábàá òwú igi àràbà tí wọ́n máa ń kì sínú ìrọ̀rí, àmọ́ òwú yẹn kò dáa fún iṣẹ́ yìí: bí wọ́n bá ti fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, á kó jọ sójú kan bí ẹ̀kọ tó dì.

Iwájú aṣọ náà ni wọ́n ń rán ní ẹyọ ẹyọ. Wọ́n á rán onígun mẹ́rin kan, wọ́n á rán òmíràn, títí iye tí wọ́n ń fẹ́ á fi pé, kí wọ́n tó wá tò wọ́n pọ̀. Búlọ́ọ̀kù ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, kò sì yàtọ̀ sí ti ilé kíkọ́. Èyí tó bá kéré tàbí tó bá wọ́, ògiri ló máa sọ.

Àṣà kí èèyàn púpọ̀ rán búlọ́ọ̀kù fún ara wọn ti pẹ́. Ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1840, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń kó lọ sí ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, àwọn aládùúgbò máa ń rán búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi yíǹkì kọ orúkọ wọn sí i, wọ́n á sì kó o fún ẹni tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní fojú kan ara wọn mọ́ láyé. Kò sí fọ́tò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà, aṣọ náà ni wọ́n fi ń rántí.

Ní tiwa, ẹni tó bá ti wo aṣọ egúngún ilé kan fínnífínní ti rí ohun tó jọ ọ́. Aṣọ lórí aṣọ ni, àwọn ọmọ ilé sì máa ń fi tuntun kún un bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, débi pé ẹni tó mọ ìtàn ilé náà lè tọ́ka sí èyí tó wá látọ̀dọ̀ ta ni. Lẹ́bàá òkun ní Gánà, àwọn ẹgbẹ́ asafo ti ilẹ̀ Fante máa ń gé aṣọ sí àwòrán ẹranko, ọkọ̀ ojú omi àti èèyàn, wọ́n á rán an mọ́ àsíá wọn, àsíá náà á sì máa sọ òwe fún ẹgbẹ́ kejì. Ní Àbọ̀mẹ̀, lórílẹ̀-èdè Benin, irú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń sọ ìtàn àwọn ọba. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ àjèjì ni kéèyàn máa rán àgékù mọ́ àgékù.

Láìbéríà ló tiẹ̀ mú un dé ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì. Oko ẹrú ní Tennessee ni wọ́n bí Martha Ann Ricks sí. Bàbá rẹ̀ ra òmìnira fún ìdílé wọn, wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí Láìbéríà ní 1830. Fún nǹkan bí 50 ọdún ló fi ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kó lè lọ kí Ọbabìnrin Victoria. Ní July 16, 1892, ó dé Windsor, ìyàwó tí ààrẹ àkọ́kọ́ Láìbéríà fi sílẹ̀ sáyé lọ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kúìlìtì tó mú dání ní igi kọfí lójú, pẹ̀lú ewé àti èso rẹ̀, torí kọfí wà lára ohun tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń kó lọ sókè òkun tà. Ìyá àgbàlagbà ni nígbà yẹn, àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù sì gbé ìròyìn rẹ̀.

Èésú tí kò ní owó nínú

Kò sí ohun tó ṣòro láti lóye nínú pàṣípààrọ̀ búlọ́ọ̀kù fún Yorùbá, torí èésú ni. Samuel Johnson ti kọ nípa èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó sì dájú pé àṣà náà ti wà tipẹ́ kó tó kọ ọ́. Ní Gánà, susu ni wọ́n ń pè é, onísusu á sì máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù bí alájọ ṣe ń ṣe nílé. Ní Trinidad, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti dé, sou-sou ni. Télọ̀ Darkuman tí kò tíì rí kúìlìtì rí mọ susu bí ẹni mowó.

Ká mú èèyàn 12. Oníkálukú á rán búlọ́ọ̀kù 12, gbogbo wọn á sì jẹ́ láti ara aṣọ kan náà tó ní nílẹ̀. Ẹni tó ní Nsu bura á rán Nsu bura 12, ẹni tó ní àdìrẹ á rán àdìrẹ 12. Á fi ọ̀kan pa mọ́, á kó 11 sílẹ̀ fún àwọn yòókù, òun náà á sì gba 11 lọ́wọ́ wọn. Búlọ́ọ̀kù 12 ló rán, búlọ́ọ̀kù 12 ló ń kó lọ sílé. Iṣẹ́ kò lé, aṣọ kò lé, àmọ́ oríṣi 12 ló wá wà lọ́wọ́ ẹni tó ní oríṣi kan ṣoṣo láàárọ̀.

Bí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ íǹṣì 12 níbùú lóròó, tí wọ́n to mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà mẹ́rin, aṣọ náà á jẹ́ íǹṣì 36 sí 48. Ó tó bo ọmọ, ó tó tẹ́ sórí àga. Èèyàn 20 á fún wọn ní íǹṣì 48 sí 60. Ẹni tó bá fẹ́ bo bẹ́ẹ̀dì ńlá nílò búlọ́ọ̀kù 30, á sì wu àwọn kan láti kó èèyàn 30 jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò bọ́gbọ́n mu. Èésú ẹlẹ́ni 30 kì í ṣàìní ẹni tó ń sá. Ó sàn kí èèyàn 12 ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àpẹẹrẹ búlọ́ọ̀kù tó rọrùn jù fún àgékù télọ̀ ni ti onígun mẹ́rin kéékèèké 16, mẹ́rin mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin, tí aláràbarà àti funfun á máa gba àyè lára wọn bíi ti pátákó dùráfùtù. Íǹṣì 3½ ni wọ́n máa gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Fún búlọ́ọ̀kù 12, ẹnì kan máa gé aláràbarà 96 àti funfun 96. Yáàdì kan aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 45 máa mú 120 jáde, torí náà yáàdì funfun kan ti tó ẹnì kan. Kí wọ́n dá owó ra yáàdì 12 lẹ́ẹ̀kan látara aṣọ kan náà, ìyẹn iye tó wà nínú píìsì àńkárá kan gbáko, kí wọ́n sì pín in. Bí oníkálukú bá lọ ra funfun tirẹ̀ lọ́jà, ọ̀kan á pupa díẹ̀, ọ̀kan á dà bí ẹfun, aṣọ náà á sì dà bí eyín tó ń jẹrà níbì kan.

Ibi tí ọwọ́ télọ̀ ti ń ṣini

Ẹni tó mọ̀ ọ́n rán gan-an ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù, ìdí rẹ̀ sì kọjá àìgbọràn. Bí télọ̀ bá ń rán ẹ̀wù, ó máa ń fi etí tó fẹ̀ sílẹ̀ nínú, nígbà míì íǹṣì kan gbáko, torí ó mọ̀ pé oníbàárà yìí á bímọ, á sanra, á sì gbé e padà wá pé kó bá òun tú u. Ìmọ̀ ni, àánú sì ni. Àmọ́ nínú kúìlìtì, etí tí gbogbo ayé fi ń rán an kò ju ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n gé sí íǹṣì 3½ jẹ́ íǹṣì 14 bí wọ́n bá tò wọ́n ṣe wẹ́kú láìtíì rán. Ojú ìrán mẹ́ta ló wà láàárín wọn, ojú kọ̀ọ̀kan á sì jẹ ìdajì íǹṣì, ìyẹn ìdá mẹ́rin lápá ọ̀tún àti ìdá mẹ́rin lápá òsì. Ó máa ku 12½, ìdajì tó lé yẹn ni wọ́n á sì fi rán búlọ́ọ̀kù mọ́ búlọ́ọ̀kù. Bí ẹnì kan bá fi ìdajì íǹṣì rán an, ojú kọ̀ọ̀kan á jẹ íǹṣì kan odindi, tirẹ̀ á sì ku 11. Ó ti fi íǹṣì kan àti ààbọ̀ dín sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní lójú. Ẹni tó gba irú rẹ̀ á fà á, á lọ̀ ọ́, á bú èpè, kò ní bá ìyókù dọ́gba.

Kò sí ìwàásù tó lè wo èyí sàn. Ohun tó ń wò ó sàn ni kí ẹnì kan ṣoṣo gé páálí 12 tó jẹ́ íǹṣì 3½ gẹ́lẹ́, kó pín in káàkiri, kó sì fi rúlà onígi tàbí onírin wọ̀n ọ́n, kó má fi téèpù ọrùn wọ̀n ọ́n. Téèpù olówó pọ́ọ́kú máa ń nà bó bá ti pẹ́, ti ẹnì kan kì í sì í bá ti ẹnì kejì dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú rán búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo wá kó tó rán 11 yòókù. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Ìrìn àjò kan yẹn máa ń gba ọ̀pọ̀ ìjà sílẹ̀.

Bí ìwọ̀n ṣe lágbára tó hàn nínú kúìlìtì kan tó tóbi ju gbogbo èyí lọ. Ní 1987, àwọn èèyàn ní San Francisco bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ìrántí fún àwọn tí àrùn éèdì pa. Òfin wọn ni pé kí aṣọ olúkúlùkù òkú jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 6, ìwọ̀n tó sún mọ́ ti sàréè, kí mẹ́jọ sì para pọ̀ di búlọ́ọ̀kù ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóròó. Ní October ọdún yẹn, aṣọ 1,920 ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní Washington. Ó ti tó nǹkan bí 50,000 báyìí. Àwọn tó rán an kò mọ ara wọn, àwọn míì kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí kí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wọ́n. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀.

Aṣọ wo ló wọlé?

Òwú nìkan ni. Léèsì, ṣífọ́ọ̀nù àti aṣọ oníke kò wọlé, bó ti wù kí wọ́n rẹwà tó, torí áyọ́ọ̀nù tó gbóná tó láti lọ òwú á yọ́ wọn. Ẹni tí kò dá wọn mọ̀ lè fa òwú kan nínú aṣọ náà kó fi iná ràn án. Òwú gidi á jó bíi bébà, á sì di eérú. Oníke á ká jọ, á di kókó líle.

Kí wọ́n fọ gbogbo aṣọ kí wọ́n tó gé e. Àńkárá tuntun ní sítáàṣì nínú, ó sì lè súnkì. Bí ọ̀kan bá súnkì lẹ́yìn tí wọ́n ti rán an mọ́ èkejì, gbogbo ojú aṣọ á ká. Àdìrẹ aláró àti aṣọ pupa tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi òkú ní Gánà la gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù, torí wọ́n lè pa funfun láró. Kí wọ́n fọ wọ́n títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé aṣọ funfun tó tutù lé e, kí wọ́n sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá ṣì ń jáde, kó lọ.

Àwọn kan lè béèrè bóyá ó yẹ kí aṣọ òkú wà níbẹ̀ rárá. Ní Gánà, ìsìnkú máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ pupa àti dúdú rẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀ télọ̀ ju ohunkóhun lọ. Ẹlòmíì lè má fẹ́ fi aṣọ ọ̀fọ̀ ẹni tí kò mọ̀ bo ọmọ rẹ̀, èèyàn ò sì lè dá a lẹ́bi. Ohun tó dáa ni kí wọ́n sọ ọ́ síta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a gbà á tàbí a ò gbà á. Ìjà tó máa ń le jù ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìpín.

Ìgbà tí wọ́n máa ṣe é náà ṣe pàtàkì. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọjọ́ ìpín sí December ti ṣèrìn. Kérésìmesì, Ọdún Àjíǹde àti ìgbà tí iléèwé bá fẹ́ wọlé kì í jẹ́ kí télọ̀ sùn. Láti àárín January sí ìbẹ̀rẹ̀ March ni ọwọ́ máa ń dilẹ̀ díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan lálẹ́ ọjọ́ kan, alẹ́ 12, pẹ̀lú àyè fún àìsàn ọmọ, òkú àti iná tó bá lọ.

Bí ẹnì kan bá sá ńkọ́?

Ibi yìí ni pàṣípààrọ̀ aṣọ ti sàn ju èésú owó lọ. Bí ẹnì kan bá jẹ owó èésú, ẹnì kan máa sunkún. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan nínú àwọn 12 kò mú tirẹ̀ wá. Àwọn 11 tó kù ti rán 12, 12. Oníkálukú á kó 10 sílẹ̀ fún àwọn yòókù, á wá fi méjì tirẹ̀ pa mọ́ dípò ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù 12 ṣì ni yóò kó relé, oríṣi 11, ọ̀kan tún fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ ọmọ náà pé. Kò sẹ́ni tó ṣòfò.

Àmọ́ òfin kan ló mú kó rí bẹ́ẹ̀: kò sẹ́ni tó máa gba ohunkóhun kí gbogbo rẹ̀ tó wọlé sọ́wọ́ olórí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n á sì pín in. Bí olórí bá ṣàánú, tó ní “ẹ máa mú tiyín lọ, ẹ̀yin ń rìnrìn àjò,” tí ẹni yẹn sì wá lọ láìmú tirẹ̀ wá, 11 ti bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí aṣọ. Àwọn obìnrin tó ń pín omi mu ládùúgbò kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú títì míì torí kí wọ́n má bàa pàdé.

Olórí náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tijú. Òun ló ń rán èèyàn létí, òun ló sì ń dá iṣẹ́ tí kò dáa padà, bí ẹni tó ni ín bá tiẹ̀ jù ú lọ. Ní Darkuman, “Auntie” ló máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, níbòmíì á jẹ́ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Búlọ́ọ̀kù yín ti dé, aṣọ rẹ̀ wù mí gan-an. Mo wọn méjì nínú wọn, wọ́n fi íǹṣì kan dín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú etí rẹ̀ wò, ọ̀sẹ̀ méjì ṣì wà nílẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.” Ìyìn kọ́kọ́ wá, ìwọ̀n tẹ̀ lé e, àsìkò ló sì gbẹ̀yìn. Kò sí “ẹ ò mọ̀ ọ́n rán” níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ìyẹn fún télọ̀ tó ti gba ọmọ iṣẹ́ 10 láyé rẹ̀ ti fi ẹgbẹ́ náà tàfàlà.

Bí àwọn kan bá wà ní Cape Coast tàbí Takoradi, ibùdókọ̀ Kaneshie kò jìnnà, dírẹ́bà sì máa ń gbé ẹrù lọ fún èèyàn. Kí wọ́n tẹ́ búlọ́ọ̀kù náà sáàárín páálí méjì, kí wọ́n má ká a, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó rán an sójú funfun kan ní igun búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlú rẹ̀ àti ọdún. Bírò lásán á ṣí lọ nínú omi, yíǹkì tí kì í ṣí tàbí òwú dúdú ló dáa.

Ọ̀rọ̀ owó máa ń yọjú láìpẹ́. Ẹnì kan á wo aṣọ náà, á ní kí wọ́n máa tà á. Kì í ṣe èrò burúkú, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ òun ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Harriet Powers, obìnrin kan ní Georgia tó jẹ́ ẹrú kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí, rán ìtàn Bíbélì sára kúìlìtì kan. Nígbà tí nǹkan le fún un, ó fẹ́ tà á ní dọ́là 10. Dọ́là 5 ló rí gbà. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ni aṣọ náà wà lónìí, kò sì tún sẹ́ni tó lè fi owó rà á. Ẹni tó ní alẹ́ 12 lórí aṣọ kan kì í rí ẹni san owó alẹ́ 12 fún un lọ́jà. Bó bá jẹ́ owó ni wọ́n ń wá, báàgì kékeré àti aṣọ ìrọ̀rí látara búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì á tètè tà ju aṣọ ìbora lọ.

Lọ́jọ́ ìpín, kí olórí tẹ́ ẹní 12 sílẹ̀, tàbí àwo 12, kí orúkọ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni kọ̀ọ̀kan á wá rìn yíká, á fi ẹyọ kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ rẹ̀ á fi ṣófo, láìyan ti ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀. Èyí tó bá wọ́ díẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá bọ́ sí. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dìde lẹ́yìn ìyẹn, torí ẹni tó bá ti kó tirẹ̀ tán á jókòó, á máa yí wọn síwá sẹ́yìn, á wá béèrè pé, “Ta ló rán èyí? Kí ni wọ́n ń pe aṣọ rẹ̀?”